Òkúta Méjìlá Nínú Àpò Òsì

Tí ẹ bá rí bàbá kan nílùú wa tó máa ń fò sókè nígbà tí ẹnìkan bá ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa gbàgà, tó sì máa ń ṣe bí ẹni pé ẹsẹ̀ ni òun kàn ń nà, èmi ni. Orúkọ tí gbogbo ìlú mọ̀ mí sí ni Ehoro. Àwọn tí mo bí ọmọ tó jù wọ́n lọ ń pè mí ní Bàbá Ehoro, wọ́n á sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n má bàa rí ẹ̀rín wọn. Mo máa ń rí i. Iṣẹ́ àpáta ni mo ṣe jẹun, iṣẹ́ tí a ti ń ki ẹ̀tù bọ inú òkúta kí ó lè fọ́, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí di ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń wo iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe. Mo ní ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣáà kọ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́." Ó dáa. Tí ẹ bá rí "uṣẹ́" níbi tí tíṣà ní kí á kọ "iṣẹ́", ẹ mọ̀ pé ẹnu mi ló ṣáájú ọwọ́ mi.

Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gùn. Ilé iṣẹ́ kan wá fọ́ àpáta tó wà níwájú Òkè Ìdáhùn, lójú ọ̀nà tó ti Ìkọ̀lé lọ sí Òmù. Wọ́n ní àwọn ń wá ọ̀dọ́kùnrin tó lágbára, bàbá mi sì rò pé mo lágbára. Owó oṣù náà tó jẹun. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

Òkè yẹn gan-an ni kí ẹ mọ̀. Kí ilé iṣẹ́ tó dé, eré àwa ọmọdé ni. Wàá dúró sódì kejì odò, wàá ké, "Òkè o!" Òkè náà á dá ọ lóhùn, "Òkè o!", bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun ọ̀sán. Ìdí tí a fi ń pè é ní Ìdáhùn nìyẹn. Ẹ fi sọ́kàn.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ń jẹ́ Ògúndáre. Ilé Ògún ni wọ́n bí i sí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ ré irin kọjá lójú rẹ̀. Tó o bá ré e kọjá, wàá padà, wàá gbé e kúrò lọ́nà, wàá nù ún, kí o tó máa lọ. Ó kúrú, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju ara rẹ̀ lọ. "Dúró ná" ni ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ jù. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ pàápàá, á ní dúró ná, á wo inú abọ́ náà tọ̀tún tòsì bíi pé ẹnìkan ti ki ẹ̀tù sí i. Dúró-ná ni a ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Níwájú rẹ̀, Ọ̀gá ni.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ bí àpáta ṣe ń dún, mo sáré. Mo fi bàtà mi méjèèjì sílẹ̀, mo la odò kọjá, mo bá ara mi nínú oko gbágùúdá ìyá kan tó ń hú ẹ̀gẹ́.

Ìyá náà ní, "Ta ló ń lé ọ?"

Mo ní, "Àpáta ni, màmá."

Ìyá yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọjà. Kí n tó padà wá mú bàtà mi, mo ti di Ehoro. Mo rò pé ọ̀gá máa lé mi lọ sílé. Ó pè mí síwájú gbogbo wọn.

"Ehoro, bí o ṣe ń sáré yẹn, mélòó lo gbọ́ tó dún?"

"Méjìlá, sà."

Ó yíjú sí àwọn yòókù tí wọ́n dúró bí akọni. "Ẹ̀yin ńkọ́? Mélòó?"

Ọ̀kan ní ó pọ̀. Èkejì ní ó tó mẹ́wàá. Ìdòwú, tó lágbára ju gbogbo wa lọ, ní òun ń wo bí mo ṣe ń sáré ni, òun ò ráyè kà.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọ̀gá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ìwọ ni wàá máa kà."

Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n sún mọ́ iná. Ọdún méjì gbáko ni mo fi di irin mú. Nígbà náà kò tíì sí ẹ̀rọ. Ẹnìkan á di irin gígùn mú lórí àpáta, ẹnì kejì á máa fi òòlù ńlá lù ú lórí, ẹni tó dì í mú á sì máa yí i díẹ̀díẹ̀ kí ihò náà lè yípo. Ìdòwú ló ń lu tèmi. Ó fẹ́ràn orin, tí orin bá sì dùn mọ́ ọn, á di ojú.

"Ìdòwú, lajú rẹ o!"

"Orí irin ni mò ń lù, Ehoro, kì í ṣe orí tìẹ."

"Orí méjèèjì ò jìnnà síra wọn!"

Mo gbẹ́ ihò kan tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ìtẹ̀ náà kò ju ìbú ìka lọ. Ọ̀gá ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, ó wò ó, ó ní kí n dí i pa kí n bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni ihò yẹn. Mo sunkún, mo sì sọ fún un pé eruku ló kó sí mi lójú. Ó ní, "Dúró ná, kí eruku náà dànù, kí o tó bẹ̀rẹ̀." Mo bi í ìgbà tí yóò jẹ́ kí n fọwọ́ kan iná. Ó ní ìgbà tí mi ò bá béèrè mọ́.

Bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà nìyí. Tí ihò bá pé méjìlá, ọ̀gá á ki ẹ̀tù bọ inú wọn, á so okùn iná mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn okùn náà kò gùn dọ́gba, kí wọ́n má bàa dún pọ̀: ọ̀kan á dún, òmíràn á tẹ̀ lé e. Á ṣáná sí wọn, á rìn lọ sínú kòtò tó fi igi ọ̀pẹ bò. Kì í sáré láé. Èmi á ti wà ní ìdí kùkùté ìrókò kan lókèèrè, òkúta wẹ́wẹ́ méjìlá á wà nínú àpò òsì ṣòkòtò mi. Tí ọ̀kan bá dún, n ó mú òkúta kan láti àpò òsì sí ọ̀tún. Tí àpò òsì bá ti ṣófo, iṣẹ́ ti parí. Tí òkúta kan bá ṣẹ́ kù níbẹ̀, ihò kan ṣì ń bẹ láàyè nínú àpáta, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ débẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Tó bá pé, n ó fa inú àpò òsì mi yọ síta, kí ọ̀gá lè rí i láti òkèèrè.

Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ rí i? Kí ló dé tí mi ò kàn pè é? Àṣírí wa nìyẹn. Etí ọ̀gá ti lọ. Ariwo àpáta ti jẹ ẹ́ tán. Mo mọ̀ nígbà tí mo kí i láti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta tí kò yíjú.

Ó ní, "Tí ilé iṣẹ́ bá gbọ́, wọ́n á lé mi, wọ́n á fi ẹni tó ń kánjú rọ́pò mi. Ìwọ ni etí mi. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

"Kí lo wí?"

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ṣe rò pé òun fúnra rẹ̀ ló ń kà, pé èmi kàn ń dúró sí ìdí kùkùté láti dá àwọn tó ń kọjá padà ni. A ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Mo ti di géńdé, mo ti fẹ́ ìyàwó, kò sì sí ìgbà kan tí a ṣìṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, òkúta kan tó tó orí àgbò fò wá, ó ṣí fìlà mi kúrò lórí, ó sì bọ́ sẹ́yìn mi. Mo wo fìlà náà, mo wo òkúta náà. Láti ọjọ́ yẹn, ìdí kùkùté yẹn kò wù mí dúró sí mọ́. Nígbà tí a tún fẹ́ yin àpáta, mo dúró níbẹ̀ títí ọ̀gá fi tẹ̀ sílẹ̀ láti ṣáná, mo wá rọra yọ́ lọ. Mo la odò kọjá. Mo wọ inú kòtò ńlá kan tó wà lódì kejì, ní ìdojúkọ òkè, níbi tí òkúta kankan kò lè dé. Mo jókòó, mo ń yin ara mi pé mo gbọ́n.

Gbòà. Òkúta kan bọ́ sí àpò ọ̀tún. Gbòà. Gbòà. Mo ń kà. Ìkọkànlá dún. Òkúta kan ṣoṣo ló kù lápò òsì. Gbogbo nǹkan dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbòà. Mo mú òkúta tó kù, mo sọ ọ́ sí àpò ọ̀tún. Mo sáré padà sí ìdí kùkùté kí ọ̀gá má bàa mọ̀ pé mo kúrò níbẹ̀, mo sì fa inú àpò òsì mi yọ síta bí ahọ́n ajá tí òùngbẹ ń gbẹ.

Ọ̀gá rí i. Kò kánjú. Ó jókòó, ó mu tábà ìkòkò rẹ̀ tán bó ṣe máa ń ṣe, ó gbọn eérú rẹ̀ dànù, ó dìde. Ìdòwú àti ọ̀rẹ́ wa kan tó ń jẹ́ Fọlúṣọ́ gbé ọ̀pá irin, wọ́n tẹ̀ lé e. Èmi ń bọ̀ lẹ́yìn, mo ń ronú ẹ̀bà.

Ìgbà náà ni ìkejìlá dún.

Kò dún bí èyí tí mo kà. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló gba wọlé. Bó sì ṣe dún tán, òkè dáhùn láti òkèèrè. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo kà. Tí àwọn ìró bá ń tẹ̀ lé ara wọn, ìdáhùn òkè máa ń sọnù sínú ariwo èyí tó kàn. Ìkẹyìn nìkan ni kò ní ohun tó máa bò ó. Ní ìdí kùkùté, ìdáhùn yẹn kò ju ikọ́ lọ. Nínú kòtò tí ẹ̀rù gbé mi lọ, ó tó ìró tòótọ́. Èmi tí mo fi òkè yẹn ṣeré láti kékeré, tí mo mọ̀ pé ó máa ń dáhùn, mo ka ìdáhùn rẹ̀ mọ́ iṣẹ́.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú.

Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ wá. Wọ́n bi wá ta ló ní kí wọ́n wọlé. Ẹnìkan ní Ògúndáre ni. Ẹlòmíràn ní ilé iṣẹ́ ti ń pariwo mọ́ ọn pé òkúta kò tó, bóyá ó kánjú. Ògúndáre, kánjú! Mo wà níbẹ̀. Mo la ẹnu, ẹnu náà sì pa dé fúnra rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé n ó sọ ọ́ lọ́la. Ọ̀la yẹn pẹ́ kó tó dé. Ìlú bínú, wọ́n ní Ògúndáre ti fi ìkánjú pa ọmọ wọn. Ìyàwó rẹ̀ di ẹrù, ó gbé Bọ́sẹ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, wọ́n sì kó lọ sí Ìrèlé.

Ìlú gbé òkúta ìrántí kan kalẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n sì fi irin ńlá kan kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́dọọdún, tí ọjọ́ náà bá pé, a máa ń péjọ. Wọ́n á ka orúkọ àwọn tó kú, ẹnìkan á fi òòlù lu irin náà lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, gbogbo èèyàn á dákẹ́ fún ìkejìlá tí kò dún lásìkò, a ó sì lọ sílé. Orúkọ méjì ló wà lára òkúta náà. Ẹ mọ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Lọ́dọọdún èmi máa ń dúró sẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Nígbà tí iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n, ni wọ́n bá fi mí ṣe ọ̀gá. Ehoro, ọ̀gá àpáta! Ohun tí n ó fi yangàn ni mo fẹ́ sọ báyìí, ẹ gbà mí láyè. Láti ọjọ́ tí mo ti gba òòlù yẹn títí mo fi gbé e sílẹ̀, kò sí ẹni tó pàdánù tó èékánná kan lábẹ́ mi. Ẹni méjì ni mo ní kó máa kà, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, mo sì fi okùn so ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ́ igi kí ó má bàa kúrò níbi tí mo fi í sí. Tí iye wọn kò bá dọ́gba, a ti ṣíwọ́ nìyẹn, kí ilé iṣẹ́ máa pariwo. Máníjà kan pè mí ní ojo níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣáájú, ẹ lọ wò ó fún wa." Ó wo òkè náà, ó wọ mọ́tò rẹ̀.

Irinṣẹ́ ń yí padà. Kọmpurẹ́sọ̀ dé, ẹ̀rọ tó fi wákàtí kan gbẹ́ ihò tí èmi àti Ìdòwú fi ọjọ́ méjì gbẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan án, mo sá. Mo kàn sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀. Lẹ́yìn náà ni wáyà iná dé. O ó tẹ nǹkan kan, gbogbo ihò á dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa kà. Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ níṣẹ́, Àbẹ̀kẹ́, ló mọ̀ ọ́n lò jù. Òun ni ọ̀gá níbẹ̀ báyìí, pẹ̀lú akoto lórí. Mo bi í bó ṣe ń mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ dún. Ó ní ẹ̀rọ máa ń sọ fún òun. Mo ní lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá sọ tán ńkọ́? Ó ní, "Lẹ́yìn náà mo máa ń dúró ná, Bàbá." Mo lọ sẹ́yìn ọkọ̀ lọ nu ojú. Eruku ni.

Mo fẹ̀yìn tì. Lọ́dún yìí, wọ́n ní nínú àwa tó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ burúkú yẹn, èmi nìkan ló kù, èmi ni kí n wá ka orúkọ kí n sì lu irin. Mo ti ń wá àìsàn tí n ó fi kọ̀ ọ́ nígbà tí obìnrin kan kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀. Ó kúrú, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Mo mọ̀ ọ́n kó tó dárúkọ.

Bọ́sẹ̀ ní, "Bàbá, mo gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ máa kà á lọ́dún yìí. Màmá mi ti kú. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo wá bẹ̀ yín. Bàbá mi kì í kánjú. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

Mo fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún un níbẹ̀. Mo fún un lómi mu. Ehoro ṣì ni mí. Ohun tí mo rí sọ kò ju, "Wá lọ́jọ́ náà."

Ó wá. Gbogbo ìlú wá. Pásítọ̀ gbàdúrà, àwọn ilé Ògún da epo sí ìdí irin, olóyè tó ń darí ètò fún mi ní ìwé kan. Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀. Mo kà á: Ìdòwú. Fọlúṣọ́. Mo wo ọ̀nà, mo rí i pé ó ṣí sílẹ̀, mo sì mọ iye ìṣísẹ̀ tó máa gbé mi débẹ̀. Mo wá ka ẹ̀kẹta tí kò sí nínú ìwé.

"Ògúndáre."

Ariwo sọ. Mo fa inú àpò òsì mi yọ síta kí gbogbo wọn rí i, mo sì sọ bí mo ti sọ ọ́ fún yín yìí: etí ọ̀gá, kùkùté, kòtò, ìdáhùn òkè. Mo ní, "Ọ̀gá kò kánjú. Èmi ni mo sọ fún un pé ó ti pé. Ó gbà mí gbọ́, èmi sì kúrò níbi tó fi mí sí."

Àbúrò Fọlúṣọ́ fò dìde. "Ìwọ lo pa wọ́n nìyẹn! O sì ń bá wa jẹun láti ọjọ́ yìí!"

Bọ́sẹ̀ ń wò mí, kò ṣẹ́jú. Ìyá Ìdòwú ló gbé ọwọ́ sókè láti orí àga rẹ̀. Ó ti dàgbà débi pé wọ́n gbé e wá ni.

Ó ní, "Ehoro, lọ́jọ́ náà, ṣé o sá?"

"Mo sá, màmá."

"Lónìí ńkọ́?"

Mo wo ẹsẹ̀ mi. "Ó ń ṣe mí bíi kí n sá, màmá. Ó ń ṣe mí gan-an ni."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣùgbọ́n o ṣì dúró síbẹ̀. Gbogbo ọdún yìí ni mo ti ń ṣépè fún Ògúndáre, kò sì jẹ̀bi. Mi ò ní gbé e lọ sí ọ̀run. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Mi ò ní padà sí ulé títí n ó fi rí i."

Olóyè ní kí á fi í di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá náà ní, "N ó dúró." Kò sẹ́ni tó lè lọ sílé kí ìyá tó lọ. Àbẹ̀kẹ́ ti ń gbé ẹ̀rọ sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ rẹ̀. Mo ní rárá, kí ó mú òòlù àti irin wá. Lẹ́tà mẹ́jọ ni. Ó di irin mú, mo lù ú. Mo lajú mi dáadáa. Nígbà tí ọwọ́ mi rẹ̀, àbúrò Fọlúṣọ́ gba òòlù lọ́wọ́ mi, ó sì lù ú títí ó fi parí. Ìyá Ìdòwú ní kí wọ́n gbé òun sún mọ́ ọn. Ó fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ní ó dáa.

Ó wá ku irin. Mo da òkúta wẹ́wẹ́ méjìlá sí àpò òsì mi. Mo lù ú, mo mú òkúta kan sí ọ̀tún. Mo lù ú títí ó fi di mọ́kànlá. Gbogbo èèyàn dákẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń dákẹ́ lọ́dọọdún, wọ́n ń dúró de àti lọ sílé. Mo na òòlù náà sí Bọ́sẹ̀.

"Ó ku ọ̀kan, ọmọ ọ̀gá mi."

Ó gbà á. Ó wo òòlù náà tọ̀tún tòsì. Ó gbé e sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì lu irin náà débi tí àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí igi. Lẹ́yìn náà, láti òkèèrè, òkè dáhùn.

Nígbà tí mo jáde lẹ́yìn àga Ìyá Ìdòwú, níbi tí mo sá sí, gbogbo ojú wà lára mi. Bọ́sẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó fi ohùn bàbá rẹ̀ pè mí. "Ehoro! Mélòó ló dún?"

Mo mú òkúta tó kẹ́yìn sí ọ̀tún, mo fa inú àpò òsì mi yọ síta.

"Méjìlá, sà," ni mo dáhùn.